Èéfín Lẹ́nu Ihò Òkété

Ẹni tó bá ti dẹ òkété rí ní oko Ọmù-Àrán mọ̀ pé ọkọ́ àti àdá nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ihò òkété kì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Ọ̀kan lè wà ní ìdí ọ̀pẹ, òmíràn lábẹ́ ìtàkùn, òmíràn sì wà tí ewé bò mọ́lẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí èèyàn bá fi ìkánjú mú ọkọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ láti ẹnu tó kọ́kọ́ rí, ihò á wó, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ á dàrú mọ́ra wọn, òkété á sì ti gba ibòmíràn lọ. Bàbá mi kì í walẹ̀. Yóò kó ewé gbígbẹ àti ata díẹ̀ sí ẹnu ihò kan, yóò dáná sí i, yóò fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín náà wọlé, lẹ́yìn náà ni yóò nàró, tí kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá yá, èéfín á rú tínńtín láti abẹ́ ewé kan tí ẹnì kankan nínú wa ò fọkàn sí. Á na ìka síbẹ̀. Ilẹ̀ ò tú, ọ̀nà ò bàjẹ́, a sì ti mọ̀ pé ẹnu ìhín àti ẹnu ọ̀hún, ihò kan náà ló ni wọ́n.

Èéfín yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ọpọlọ eku tí wọ́n ti sọ di dígí. Ọpọlọ náà wà ní odindi, ọ̀bẹ ò kàn án, síbẹ̀ èèyàn ń rí inú rẹ̀ já: àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń tàn bí iná lóru, tí wọ́n gbéra láti ìhà kan, tí wọ́n ṣù pọ̀ bí òwú lójú òfì, tí wọ́n sì wá pínyà, kálukú sí ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mú àwòrán yẹn jáde ni mo fẹ́ ká jọ wò, ní sùúrù, bí a ṣe ń dúró wo obìnrin tó mọ aṣọ hun. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kán aró tó ń tàn sínú ọpọlọ, wọ́n á jẹ́ kí aró náà tọ ọ̀nà fúnra rẹ̀, wọ́n á wá mú kí ọpọlọ náà mọ́ gaara kí wọ́n lè rí ibi tí aró dé. Gbólóhùn kan ni mo fi sọ ọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń wá a.

Kí ló dé tí wọn ò kàn gé ọpọlọ náà wò? Wọ́n ń gé e. Camillo Golgi, ará Ítálì, rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi fàdákà kun sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní 1873. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, fi ọ̀nà náà ya àwọn àwòrán tí àwọn ọmọ ilé ìwé ìṣègùn ṣì ń kọ́ títí dòní. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Ṣùgbọ́n ọpọlọ èkúté inú lábù, tí kò tóbi ju kóró ẹ̀pà ńlá kan lọ, ní sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn bíi mílíọ̀nù 70. Tèmi àti tìrẹ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Bí wọ́n bá gé ti èkúté yẹn sí abala tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ, abala náà á lé ní igba. Fọ́nrán kan ṣoṣo lè gba inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá. Kí abala kan ya, kí òmíràn ká, kí ẹnì kan ṣèèṣì da ìkan dé, ọ̀nà ti pòórá nìyẹn. Ọkọ́ ti wó ihò.

Ibi tí ọgbọ́n èéfín ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, lójú tèmi, ni ìlú Rotterdam ní ilẹ̀ Netherlands, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Hans Kuypers ló ń darí iṣẹ́ níbẹ̀. Marina Bentivoglio, ọ̀dọ́ olùṣèwádìí kan láti Ítálì, wà lára àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń fa nǹkan láti ṣóńṣó fọ́nrán rẹ̀ padà sí ìdí, bí igi ṣe ń fa omi láti gbòǹgbò. Bí wọ́n bá kán aró sí ibi tí fọ́nrán parí sí, aró náà á gun fọ́nrán yẹn lọ títí á fi dé ara sẹ́ẹ̀lì tó ni ín. Ohun tí wọ́n wá fẹ́ mọ̀ ni bóyá sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè ní fọ́nrán tó là sí méjì, tí ẹ̀ka kan gba ọ̀tún lọ, tí èkejì gba òsì. Wọ́n mú aró méjì. Ọ̀kan máa ń tàn búlúù nínú ara sẹ́ẹ̀lì. Èkejì máa ń tàn yẹ́lò nínú kóró àárín rẹ̀. Iná kan náà ló ń mú àwọn méjèèjì tàn. Wọ́n kán ti búlúù síbì kan, wọ́n kán ti yẹ́lò síbòmíràn, wọ́n sì dúró. Nígbà tí wọ́n wá wo ìdí, sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ búlúù nìkan wà níbẹ̀, èyí tí kóró rẹ̀ nìkan jẹ́ yẹ́lò wà níbẹ̀, àwọn kan sì wà tí ara wọn jẹ́ búlúù tí kóró wọn jẹ́ yẹ́lò. Ọdẹ méjì ló fín ẹnu ihò méjì, tí èéfín àwọn méjèèjì pàdé nínú yàrá òkété kan.

Ọdún 1980 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rọ olówó gegere kan tó gbé e ró. Yíyan aró ni gbogbo ọgbọ́n náà. Ìyá aláró tó mọ̀ pé èlú yìí á mú òwú ṣùgbọ́n kò ní mú ibi tí òun fi ẹ̀kọ kùn, irú ìmọ̀ tó ní gan-an nìyẹn: ó mọ ohun tí àwọ̀ ń gbà àti ohun tí kì í gbà, ó sì fi ìyàtọ̀ náà yàwòrán.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Wọ́n ti fún ẹranko náà ní oògùn akunilóorun. Ó sùn fọnfọn. Orí rẹ̀ wà nínú férémù irin tó dì í mú láìpa á lára, irú èyí tí Victor Horsley àti Robert Clarke ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1908, tó jẹ́ pé rúlà ló wà lára rẹ̀ níhà mẹ́ta: iwájú sẹ́yìn, ọ̀tún sósì, òkè sísàlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ibi tí ìwọ̀n ti máa bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n yàn ni orí agbárí níbi tí àwọn egungun ti pàdé, ibi tí àwùjẹ máa ń wà lórí ọmọ jòjòló. Ìyá tó ń wẹ ọmọ tuntun mọ ibẹ̀ dáadáa, kì í jẹ́ kí ọwọ́ le níbẹ̀. Láti àwùjẹ yẹn ni wọ́n ti ń ka mìlímítà: tó báyìí sẹ́yìn, tó báyìí sí ọ̀tún, tó báyìí wọlé. Bí àṣìṣe ìdajì mìlímítà bá wọ̀ ọ́, ìlú mìíràn ni wọ́n dé.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kán aró kì í ṣe irin. Ọ̀pá gíláàsì ni, tí wọ́n fi iná rọ̀ láàárín, tí wọ́n sì fà títí ẹnu rẹ̀ fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ẹ wá gbọ́ bí aró tí wọ́n ń lò ṣe kéré tó. Ẹ mú ẹ̀kán kan tó já láti ẹnu ìgò oògùn ojú. Ẹ pín in sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún náà lè tó fún odindi iṣẹ́. Wọn kì í sì tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí pé bí wọ́n bá fi agbára tì í, ara ọpọlọ á ya, aró á sì tàn ká.

Lẹ́yìn náà ni ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Aró ti tán lẹ́nu abẹ́rẹ́. Èèyàn á rò pé ó tó, kí wọ́n yọ ọ́. Wọn kì í yọ ọ́. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìfọwọ́ kàn án, kí ara ọpọlọ lè mu aró náà tán. Bí wọ́n bá kánjú fà á, aró tó kù lẹ́nu á tẹ̀lé e gòkè, á kun gbogbo ibi tó gbà kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ ò kàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ẹ̀rọ á sì fi tọkàntọkàn ya àwòrán irọ́. Mo ti jókòó wo fídíò àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tó jáfáfá jù lára wọn, ọwọ́ wọn ò kàn yára. Ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ dúró ni wọ́n mọ̀. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn tí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo rí bàbá mi tó dúró sí àárín oko.

Ẹranko náà á jí, wọ́n á fún un ní oògùn ìrora, á jẹun, á máa rìn. Aró náà á máa bá iṣẹ́ lọ. Inú fọ́nrán ọpọlọ ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní alárùú tirẹ̀, tó ń gbé ẹrù lọ tó ń gbé ẹrù bọ̀. Èyí tó yára jù nínú wọn lè rin ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ lóòjọ́. Aró gun ẹ̀yìn alárùú ni. Àwọn kan wà tó ń ti ìdí lọ sí ṣóńṣó, àwọn kan ń ti ṣóńṣó padà sí ìdí, ẹni tó mọṣẹ́ sì mọ èyí tó yẹ ìbéèrè rẹ̀.

Àwọn alárùú mìíràn wà tó yẹ ká mọ̀, nítorí a ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà burúkú. Oró tí kòkòrò onígbáméjì ń pọn ní apá méjì: apá kan ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, apá kejì ló ń ṣe èèyàn léṣe. Wọ́n yọ apá tó ń lẹ̀ mọ́ra nìkan, wọ́n so ó mọ́ aró, ó sì di ọ̀kan lára àwọn atọpa tó ṣeé fọkàn tán jù lọ. Dìgbòlugi náà ńkọ́? Bí ajá tó ní in bá gé èèyàn jẹ lẹ́sẹ̀, inú iṣan ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà gòkè títí dé ọpọlọ, láti sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí èkejì. (Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ajá bù jẹ fi gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sáré lọ gba abẹ́rẹ́ kí ó tó dé òkè. Mi ò lè kọjá láìsọ ọ́.) Ní 2007, Ian Wickersham, Edward Callaway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kalifóníà yọ ohun kan kúrò lára kòkòrò náà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè fo odò láti sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, kò sì ní lè tẹ̀ síwájú mọ́. Báyìí ni aráyé fi ń mọ ẹni tó ń bá sẹ́ẹ̀lì kan sọ̀rọ̀ tààrà. Wọ́n mú apànìyàn, wọ́n fi ìjánu sí i lẹ́nu, wọ́n ní kó máa fi ọ̀nà hàn wá.

Iṣẹ́ aró parí. Ó ku kí ọpọlọ mọ́ gaara.

Ẹni tó ń ka èyí, jọ̀ọ́, lọ ra àkàrà. Ní ẹ̀bá títì, wọ́n á fi bébà ìwé ìròyìn wé e fún ọ. Dúró díẹ̀ kí òróró ràn, kí o wá gbé bébà náà sókè sí oòrùn. Ibi tí òróró dé, wàá máa rí lẹ́tà ìhà kejì bí ẹni pé bébà ti di gíláàsì. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bébà jẹ́ fọ́nrán tó pọ̀, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ inú fọ́nrán máa ń tẹ̀, tó bá jáde á tún tẹ̀, tó bá tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní mọ ọ̀nà mọ́, bébà á sì funfun lójú wa. Òróró lé afẹ́fẹ́ kúrò. Bí òróró ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kò jìnnà sí bí fọ́nrán bébà ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ò rí ìdí láti yà mọ́. Ó gba àárín já.

Ọpọlọ funfun fún ìdí kan náà. Omi àti ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀, wọn kì í sì í tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà: ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fún omi jẹ́ 1.33, ọ̀rá lé ní 1.4. Bí wọ́n bá lé omi jáde, tí wọ́n yọ ọ̀rá, tí wọ́n sì fi nǹkan olómi tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó kù rọ́pò wọn, ọpọlọ á ṣe bíi bébà àkàrà. Walter Spalteholz, onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Leipzig ní Jámánì, ti mọ èyí. Ó kọ ìwé lé e lórí tó jáde ní 1914. Òróró tó lò wà lára ohun tó ń ta sánsán nínú ìpara tí àwọn àgbà fi ń ra orúnkún. Òórùn yẹn ló máa ń bá mi nímú nígbàkúgbà tí mo bá ronú kan lábù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó kan òróró, ẹ̀jẹ̀ ni àkọ́kọ́. Wọ́n á gba inú ọkàn ẹranko tó ti sùn tí kò ní jí mọ́ fi omi iyọ̀ fọ gbogbo iṣan rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi fọ́málínì sé ara rẹ̀ kí ó má bàa jẹrà. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ẹ̀dọ̀ bá kúrò ní pupa tó ràndánràndán, ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Bí ó bá ṣì pọ́n ní abala kan, ẹni tó mọṣẹ́ á ti mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó kù á gbé ìmọ́lẹ̀ mì, òun fúnra rẹ̀ á sì tún máa tàn nígbà tí kò yẹ. Kò sí òróró tó lè wẹ àṣìṣe yẹn nù.

Wọ́n á wá gbé ọpọlọ náà sínú ọtí líle, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú: 20 nínú ọgọ́rùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, ó di 40, ó di 60, ó di 80, kí ó tó wá di ògidì. Ẹni tó bá fò láti àkọ́kọ́ sí ìkẹyìn á rí ọpọlọ tó súnkì, tó sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọtí, nǹkan olómi mìíràn á yọ ọ̀rá. Lẹ́yìn ọ̀rá ni òróró ìkẹyìn. Ìgbà yìí ni ohun tí ojú ń fẹ́ rí máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó funfun bí ẹ̀kọ mímu á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá láti etí, á máa wọnú, àárín ló ń kẹ́yìn, títí èèyàn á fi máa wá a nínú ìgò. Wọ́n á gbé e ka orí ìwé, wọ́n á sì ka lẹ́tà láti òdì kejì rẹ̀.

Ọ̀nà pọ̀. Ti Kwanghun Chung àti Karl Deisseroth ní Stanford ní 2013 fi ọ̀dà tó dà bí ẹ̀kọ tútù di ara ọpọlọ mú kí wọ́n tó fi ọṣẹ fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Àwọn ará Jàpáánù ló mú èyí tó sún mọ́ wa jù wá: ní 2011, ẹgbẹ́ Atsushi Miyawaki lo yùríà, ohun kan náà tí àgbẹ̀ Ìgbómìnà ń wọ́n sídìí àgbàdo, ní 2013, ẹgbẹ́ Takeshi Imai lo ṣúgà tó wà nínú oyin. Ti inú lábù mọ́ ju ti ọjà lọ, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ti inú òṣùpá wá.

Ibi tí ọ̀gá ti yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́ ni pé aró àti òróró kì í fi gbogbo ìgbà rẹ́. Aró kan wà tó jẹ́ inú ọ̀rá ló ń gbé. Ó dára púpọ̀, kódà ó ń rìn nínú ọpọlọ tó ti kú. Ẹni tó bá lò ó, tó sì wá yọ ọ̀rá, ó ti kun ògiri tán kó tó wó ilé. Èyí tí wọ́n rí lára ẹja jẹ́lì inú òkun, tí Osamu Shimomura yọ jáde ní 1962 tó sì mú Nobel wá ní 2008, kì í fẹ́ kí omi tán lára rẹ̀. Ọtí líle máa ń pa iná rẹ̀. Àwọn òróró kan tún wà tí wọ́n ń dìkàsì nínú ìgò, tí wọ́n á sì máa jẹ àwọ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, bí oòrùn ṣe ń jẹ àdìrẹ. Nítorí náà, kí wọ́n tó kán ẹ̀kán àkọ́kọ́, wọ́n ti gbọ́dọ̀ mọ òróró tí wọ́n máa fi parí. Láti ìparí ni wọ́n ti ń ronú bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti lo odindi ọ̀sán kan ní Èsìẹ́, níwájú àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Orí ni oníṣọ̀nà wọ̀nyẹn fi ọwọ́ sí jù: irun dídì tí kò jọra, ilà ojú, ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orí ti ya kúrò lára. Èèyàn ń wo ojú ibi tó ya náà, òkúta ló bá, òkúta nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba yẹn parí sí ojú orí, ó sì pé. Iṣẹ́ ọwọ́ tí mò ń ròyìn yìí, ibi tí tiwọn parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Sùúrù kan náà ni mo rí nínú méjèèjì, mi ò sì rò pé àwọn tó gbẹ́ ère Èsìẹ́ á ṣàìdúró wo ọpọlọ tó di dígí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá ti sùn nínú ilé tí páànù rẹ̀ jò ti rí i rí: yàrá ṣókùnkùn, ìtànṣán oòrùn kan gba ojú ihò wọlé, eruku tí a kì í rí sì ń jó nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ náà gbà wá, iwájú ni àwa ti ń wò ó, òkùnkùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1903, Henry Siedentopf àti Richard Zsigmondy fi irú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí eruku wúrà nínú gíláàsì. Hans-Ulrich Dodt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e padà wá ní 2007 fún odindi ọpọlọ èkúté. Wọ́n tẹ́ ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ bí abala bébà, wọ́n tì í gba ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ náà wọlé, ibi tí abala ìmọ́lẹ̀ yẹn bá kàn nìkan ló ń tàn, kámẹ́rà sì ń ya á láti òkè. Wọ́n á sún un díẹ̀, wọ́n á tún yà. Ìmọ́lẹ̀ ń gé ọpọlọ láìgé e. Síbẹ̀ ọwọ́ èèyàn ṣì wà níbẹ̀: hóró afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ara ọpọlọ á ju òjìji gbọọrọ sínú gbogbo àwòrán, bí ìlà ibi tí gègé ti họ bébà. Mo mọ ẹni tó mọṣẹ́ nípa àìsí ìlà yẹn.

Ta ni èyí kàn ní ilé wa? Marina Bentivoglio, ọ̀dọ́ Rotterdam ọjọ́sí, padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Verona ní Ítálì, kò sì fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ilé. Ó bá James Olopade àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀yà ara ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí vanadium, irin kan tó wà nínú epo rọ̀bì, tó ń bá èéfín epo tó ń jó jáde tó sì ń ba ìdì ọ̀rá ara fọ́nrán ọpọlọ jẹ́. Iṣẹ́ wọn lórí ọpọlọ èkúté jáde ní 2016. Ìbàdàn yìí náà ni wọ́n ti wo bóyá èròjà inú orógbó lè gba ọpọlọ lọ́wọ́ irin yẹn. Bentivoglio kú ní 2021. Ní 2022, iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ jáde, lórí ọpọlọ ẹranko tí wọ́n mú láti inú igbó ní àwọn apá ibi tó yàtọ̀ síra ní Nàìjíríà, láti fi mọ májèlé tó wà nínú àyíká. Ẹranko náà ni òkété.

Bẹ́ẹ̀ ni o, òkété. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ nígbà tí mo kà á. Ẹran tí a ń fi èéfín tọ ipa rẹ̀ ti di ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń sọ fún wa bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ìbátan rẹ̀ ni Magawa, eku ńlá tí àjọ APOPO kọ́ ní Tanzania, tó fi imú wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ ní Cambodia, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ìgboyà ní 2020. Imú rẹ̀ ló fi ṣe gbogbo ìyẹn. Kò sí ọdẹ Ìgbómìnà tí kò mọ̀ pé imú òkété ju ojú rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí òórùn ń gbà láti imú yẹn dé àárín ọpọlọ, mo fẹ́ rí i pẹ̀lú iná lára rẹ̀, ní odindi, láìgé e.

Ìwádìí kan tí Mahmoud Maina, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2021 ka àwọn ìwé ìmọ̀ ọpọlọ tí Áfíríkà kọ láti 1996 dé 2017. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń kọ jù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó lo aró tó ń tàn ò pọ̀ nínú wọn. Owó jẹ́ ara rẹ̀, iná mànàmáná jẹ́ ara rẹ̀. Èmi ò gbà pé ọwọ́ jẹ́ ara rẹ̀. Àwòrán bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ fúnra ẹni ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé láti 2013, lábẹ́ orúkọ OpenSPIM. Yùríà wà. Ṣúgà wà. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀yà ara wà ní Yunifásítì Ìlọrin; Yunifásítì Landmark wà ní Ọmù-Àrán níbí, tí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tó ń darí wọn: ẹ fi ọpọlọ kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ara wọn balẹ̀, ẹ pe ẹnì kan láti Ìbàdàn kí ó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀dọ̀ á fi ṣì, kí ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ òkété ló ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì mọ ibi tí ihò wọn wà.